Òkè Méje Tirumala, Níbi Tí Wọ́n Ti Ń San Ẹ̀jẹ́

Ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh, àwọn òkè méje kan wà tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù sì gbà pé orí méje Adisesha ni wọ́n, ìyẹn ejò ńlá tí òrìṣà wọn Vishnu fi ṣe ibùsùn. Lórí ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ń jẹ́ Venkatadri, ni tẹ́ńpìlì Venkateswara wà, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe Vishnu níbẹ̀, nínú ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tirumala, tí ó fi mítà 853 ga ju ojú òkun lọ. Ìlú ńlá Tirupati wà ní ẹsẹ̀ òkè náà, ó sì lé ní 130 kìlómítà láti ìlú ńlá Chennai débẹ̀. Àwọn tí ń lọ síbẹ̀ lójúmọ́ lé ní 50,000, nígbà ọdún wọn iye náà a sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti dé orí òkè náà. Láti ìgbà tí mo sì ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ará ilé àti àwọn ará ìjọ wa ti ń bi mí léèrè ohun tí onígbàgbọ́ ń wá lórí òkè òrìṣà. Èsì tí mo ń fọ̀ lẹ́nu máa ń kúrú jù, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n mi ni mo sìn lọ sí Chennai fún iṣẹ́ abẹ ojú. Nígbà tí ara rẹ̀ ti ń mókun, tí ìyàwó rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo wá olùkọ́ ìṣirò wa àtijọ́ kàn nínú ìlú náà. Àwọn tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé girama ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 yóò rántí pé àwọn ará Íńdíà wà lára àwọn tí ń kọ́ wa nígbà náà. Olùkọ́ tiwa gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ́ kí ó tó padà sílé, kò sì tíì gbàgbé bí a ṣe ń kí ènìyàn kú ìrọ̀lẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wà nílé ọkọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí ọmọ bí, kí ó tó wá bí ọkùnrin. Ní àkókò ìdúródè yẹn, ìyá ọmọbìnrin yìí, ìyàwó olùkọ́ wa, ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ọmọ bá dé, òun yóò fi ẹsẹ̀ gun òkè Tirumala, òun yóò sì fá irun orí òun níbẹ̀, àti irun tí wọ́n bí mọ́ ọmọ náà lórí pẹ̀lú. Àkókò tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti lọ san ẹ̀jẹ́ yìí ni mo bá wọn. Olùkọ́ wa ní kí n bá àwọn lọ. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà," torí pé sà ni a ń pè é, sà náà ni a ó sì máa pè é.

Kò fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ fún mi kí a tó kúrò nílé. Ó ṣàlàyé pé ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan kí ó tó lè wọlé lọ síwájú òrìṣà náà, nínú èyí tí yóò ti jẹ́wọ́ pé òun ní ìgbàgbọ́ nínú Venkateswara, òun sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Mo rò ó dáadáa. Èmi kò ní ìgbàgbọ́ yẹn, n kò sì lè fi ọwọ́ ara mi kọ ohun tí ọkàn mi kò gbà, pàápàá jù lọ nínú ilé onílé. Àwọn kan yóò sọ pé bébà lásán ni, pé kí ènìyàn fọwọ́ sí i kí ó wọlé lọ wòran. Lójú tèmi, ẹ̀gàn ni ìyẹn sí ẹni tí ó ni ilé, ẹ̀gàn sì ni sí ìgbàgbọ́ tí àlejò náà gbé wá láti ilé rẹ̀. Mo sọ fún olùkọ́ wa pé n ó bá wọn gun òkè, n ó bá wọn dé gbogbo ibi tí ó bá ṣí sílẹ̀ fún mi, n ó sì dúró dè wọ́n níta nígbà tí wọ́n bá wọlé. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ohun tí òun fẹ́ kí n ṣe gan-an nìyẹn. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo bá sọ nípa inú tẹ́ńpìlì náà nísàlẹ̀ yìí, láti ẹnu àwọn tí wọ́n wọlé ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ méjì ni ó gun òkè náà. Èyí tí ó kúrú ni Srivari Mettu, tí ó ní àtẹ̀gùn 2,388, tí ó sì ga sánsán. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà ni ti Alipiri, tí ó ní àtẹ̀gùn òkúta 3,550, tí gígùn rẹ̀ sì tó bíi kìlómítà mẹ́sàn-án, òun ni àwa náà gbà. Ọ̀nà mọ́tò wà. Wọ́n ṣí àkọ́kọ́ ní ọdún 1944, èkejì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1974, bọ́ọ̀sì sì ń lọ ó ń bọ̀ lórí wọn láìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ìyá àgbà náà fi jẹ́ ẹ̀jẹ́, ẹsẹ̀ náà ni ó sì fẹ́ fi san án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. A bọ́ bàtà. Wọ́n gba ẹrù wa ní Alipiri, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ sókè dè wá lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn obìnrin fọ́ àgbọn, wọ́n tan iná kékeré ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Ohun tí ó kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn ni àwọn obìnrin tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mú àtalẹ̀ pupa lílọ̀ dání nínú ike kan, wọ́n mú ìyẹ̀fun pupa bí osùn dání nínú òmíràn, wọ́n sì ń fi ìka tọ́ méjèèjì sí ojú òkúta, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè. Ẹni tí ó bá ń ṣe báyìí kò lè yára. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń sáré kọjá lára wọn, wọ́n ń kígbe pé "Govinda!" tí àwọn tí ó wà lókè sì ń dá wọn lóhùn pé "Govinda!" Govinda yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ Vishnu. Láti ìsàlẹ̀ títí dé ẹnu ibodè gíga tí wọ́n ń pè ní Gali Gopuram ni ó le jù, torí ibẹ̀ ni òkè náà ti dìde dúró. Nígbà tí a dé ibodè yìí, aṣọ wa ti tutù pẹ̀lú òógùn, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò tíì sọ pé ó rẹ òun. Ọ̀nà tẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó gba inú igbó Seshachalam kọjá, níbi tí igi olówó iyebíye kan tí inú rẹ̀ pupa ń hù sí. Àmọ̀tẹ́kùn wà nínú igbó náà, ó sì ti pa ọmọdé rí lójú ọ̀nà yìí ní ọdún 2023, ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí àwọn ènìyàn máa rìn ní ẹgbẹẹgbẹ́, tí ẹni tí ó bá sì mú ọmọ dání fi gbọ́dọ̀ tètè gòkè ní òwúrọ̀.

Bí a ṣe ń súnmọ́ òkè pátápátá ni àwọn àtẹ̀gùn gíga kan wà tí wọ́n ń pè ní Mokalla Mettu, ìyẹn àtẹ̀gùn eékún. Olùkọ́ wa dúró níbẹ̀ láti mí, ó sì sọ ìtàn Ramanuja fún mi, olùkọ́ ẹ̀sìn ńlá tí ó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní nígbà tí Ramanuja fẹ́ gun òkè yìí, ó ní òkè náà fúnra rẹ̀ jẹ́ mímọ́, kò sì yẹ kí òun fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó bá fi eékún gùn ún. Mo rí àwọn tí ń fi eékún gun ibẹ̀ títí di òní. Ìtàn yìí ni ó jẹ́ kí n lóye ohun tí mo ti ń wò láti òwúrọ̀. Èrò mi ni pé tẹ́ńpìlì ni àwọn ènìyàn ń lọ bọ, pé àtẹ̀gùn kàn jẹ́ ọ̀nà tí ó gbé wọn débẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lójú àwọn tí wọ́n ni ín, láti àtẹ̀gùn kìíní ni wọ́n ti wà nílé òrìṣà.

Ibi ìfárí ni ó kàn. Kalyanakatta ni wọ́n ń pè é, ilé ńlá kan tí àwọn onígbàjámọ̀ jókòó sí ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Wọn kì í gba owó ìfárí, tẹ́ńpìlì ni ó ń san owó iṣẹ́ wọn. Wọ́n fún ìyá àgbà ní ègé bíléèdì tuntun, ó gbé e fún obìnrin onígbàjámọ̀ kan, ó sì jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Irun rẹ̀ gùn dé ìdí, funfun ti wọ inú rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé láti ìgbà ọmọge òun ni òun ti ń fi òróró àgbọn tọ́jú rẹ̀. Onígbàjámọ̀ náà bu omi sí i lórí, ó fi ọwọ́ ra á, ó sì fá a láti iwájú lọ sẹ́yìn láìdúró. Ọmọdé náà ké títí, bí gbogbo ọmọ ṣe máa ń ké, bàbá rẹ̀ sì gbá a mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi igi olóòórùn dídùn tí wọ́n ti lọ̀ kúnná pa orí àwọn méjèèjì, wọ́n sì bọ́ sí òòrùn. Ìyá àgbà fi ọwọ́ bo orí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Olùkọ́ wa kò sọ̀rọ̀. Èmi náà kò sọ̀rọ̀.

Ìtàn kan ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ irun. Wọ́n ní nígbà tí Vishnu sọ̀ kalẹ̀ sórí òkè yìí, inú òkìtì kan ni ó fara pamọ́ sí, tí màlúù ọba kan sì ń lọ tú wàrà sí i lẹ́nu lójoojúmọ́. Daran-daran tí ó ń ṣọ́ màlúù náà rí i, inú bí i, ó ju àáké, àáké náà sì ba Vishnu lórí, irun ibẹ̀ sì ṣí. Ọmọbìnrin ọba kan tí ń jẹ́ Neela Devi rí àpá náà, ó gé lára irun tirẹ̀, ó sì fi í dí i. Venkateswara bá ṣèlérí pé irun tí àwọn ènìyàn bá fi rúbọ lórí òkè òun, tirẹ̀ ni yóò jẹ́. Ìtàn kejì jẹ mọ́ owó. Nígbà tí Venkateswara fẹ́ fẹ́ Padmavati, ọmọ ọba, kò ní owó ìgbéyàwó, ó sì lọ yá a lọ́wọ́ Kubera, olówó àwọn òrìṣà. Gbèsè náà pọ̀ débi pé òun yóò máa san èlé orí rẹ̀ títí ayé ìsinsìnyí yóò fi dópin. Owó àti wúrà tí àwọn ènìyàn ń jù sínú àpótí aláṣọ ńlá tí wọ́n ń pè ní hundi, láti bá a san gbèsè yìí ni. Mo ronú lórí ìtàn yìí fún ìgbà pípẹ́. Òrìṣà tí ó jẹ gbèsè, tí àwọn tí ó fún ní ọmọ àti àlàáfíà sì ń bá a san án! Àti òun àti àwọn, kò sí ẹni tí ọrùn rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ìgbèsè, àárín wọn sì dán mọ́rán nítorí èyí.

Irun náà kì í ṣòfò. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso òkè náà, Tirumala Tirupati Devasthanams, èyí tí òfin ọdún 1932 dá sílẹ̀, ni ó ń kó o jọ, tí ó ń ṣà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó bá ṣe gùn sí, tí ó sì ń tà á ní gbàǹjo fún àwọn oníṣòwò. Irun gígùn ni àwọn tí ń ṣe wíìgì ń rà, wọ́n sì ń tà á káàkiri àgbáyé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí ó mọ iye tí wọ́n ń ta irun Íńdíà ní ọjà Jagùn, dákẹ́ lọ gbáà nígbà tí mo sọ èyí fún un. N kò lè sọ pé orí ẹnìkan pàtó ni irun tí ó wà lórí ìyàwó tuntun nílé wa ti wá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tí a ń rà á mọ̀ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹnìkan fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ohun tí ó ń sìn.

Lẹ́yìn ìfárí ni wọ́n lọ wẹ̀ nínú adágún Swami Pushkarini tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì, wọ́n sì kọ́kọ́ kí Varaha, ìyẹn Vishnu ní ìrísí ìmàdò, nínú tẹ́ńpìlì kékeré rẹ̀, torí pé òun ni ó ni ilẹ̀ náà ṣáájú, kò sì yẹ kí àlejò dé kí ó má kí onílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti dágbére fún wọn. Wọ́n wọ inú gbọ̀ngàn ìdúródè, ó sì tó wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó jáde. Wọ́n ní òrìṣà náà jẹ́ òkúta dúdú, ó ga, ó kún fún wúrà àti òdòdó, àmì funfun ńlá kan sì bo iwájú orí rẹ̀ títí dé ojú. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ènìyàn ń rí i, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì ti máa kígbe ní èdè Télúgù pé "Jaragandi!", ìyẹn ni pé kí wọ́n máa lọ. Mo bi ìyá àgbà bóyá kò dùn ún pé ìrìn gígùn bẹ́ẹ̀ parí sí ìwò ojú kan. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo wá wò ó. Òun ni ó fẹ́ rí mi."

Ní gbogbo àkókò tí wọ́n wà nínú ilé, òpópónà mẹ́rin tí ó yí tẹ́ńpìlì ká ni mo ń rìn. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí òrùlé wúrà tí wọ́n ń pè ní Ananda Nilayam tí ó ń tàn nínú òòrùn. Mo ṣàkíyèsí pé kò sí obìnrin kan tí ó fi òdòdó sí irun, bẹ́ẹ̀ ní Chennai, òdòdó ni ọ̀ṣọ́ wọn. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé gbogbo òdòdó orí òkè náà, ti òrìṣà ni. Ẹran kò sí, ọtí kò sí, sìgá kò sí, wọ́n sì ti fi òfin de ọ̀rá àti ike omi. Ara ògiri kún fún àkọlé tí àwọn ọba àtijọ́ gbẹ́ sí òkúta. Ayaba kan láti ìran Pallava, Samavai, fi ilẹ̀ àti ohun ọ̀ṣọ́ ta tẹ́ńpìlì náà lọ́rẹ ní ọdún 966, ọba Krishnadevaraya ti Vijayanagara sì wá síbẹ̀ ní ìgbà méje ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ẹni tí ó wù mí jù nínú ìtàn ibẹ̀ ni Annamacharya, akọrin tí ó gbé ayé láti 1408 sí 1503. Wọ́n ní ó kọ orin 32,000 fún Venkateswara. Àwọn ọmọ rẹ̀ fín wọn sára bàbà pẹlẹbẹ, wọ́n kó o pamọ́ sínú yàrá òkúta kan nínú tẹ́ńpìlì, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1922 tí wọ́n tó tún kó o jáde. Nǹkan bí 12,000 ni ó ṣẹ́kù. Èmi tí mo dàgbà sí ìlú tí àwọn ìyá wa ti ń ki oríkì ilé lówùúrọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ti bá wọn lọ sí ọ̀run, mo dúró ro ọ̀rọ̀ bàbà yẹn pẹ́.

Gbogbo wa ni a jọ jẹun. Láti ọdún 1985 ni wọ́n ti ń fún ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ibẹ̀ ní oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, láìbi í léèrè ẹ̀sìn tàbí ìdílé rẹ̀. A jókòó ní ìlà gígùn, wọ́n bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ fún wa lórí ewé. Olùkọ́ wa fún mi ní laddu, àkàrà dídùn roboto tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà, ṣúgà, bọ́tà yíyọ́, kajú àti àjàrà gbígbẹ ṣe; láti ọdún 2009 ni òfin Íńdíà ti ka ẹlòmíràn léèwọ̀ láti fi orúkọ Tirupati ta irú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ wa kò ní jẹ ẹ́, n kò sì bá wọn jiyàn. Èmi jẹ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí olùkọ́ mi fún mi.

Mo bi ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ jókòó léèrè ohun tí wọ́n wá ṣe, olùkọ́ wa sì ń túmọ̀ fún mi. Ọ̀kan ní ọmọ òun yege ìdánwò. Òmíràn ní ọkọ òun bọ́ nínú àìsàn. Ọkùnrin kan ní òun rí iṣẹ́. Ohun tí ó ya àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti rí ohun tí wọ́n tọrọ gbà, ọpẹ́ ni ó gbé wọn wá. Àwa náà ní òkè nílé. Àwọn ará Ìbàdàn ń bọ Òkè'Bàdàn, adágún Ìyáké wà lórí òkè Adó-Àwáyè, òkè gàgàrà wà ní Igbẹ́tì tí kò jìnnà sí wa, àwa onígbàgbọ́ sì ní àwọn òkè àdúrà tí a ń gùn pẹ̀lú ààwẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n tọrọ ọmọ ní Òkè'Bàdàn mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn padà wá. Lórí òkè àdúrà tiwa, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń gbọ́ jù, ohùn ẹ̀bẹ̀ náà a sì lọ sókè, ọ̀rá omi a sì kún ilẹ̀ lẹ́yìn tí a bá sọ̀ kalẹ̀. Ó wù mí kí a máa gun òkè kan fún ọpẹ́ nìkan, kí ẹni tí ó bá ti rí gbà tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún, kí a sì gbá ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí a tó kúrò níbẹ̀. Mo ti sọ èyí fún àwọn àgbà ìjọ wa, wọ́n sì ní kí n mú un wá sí ìpàdé.

Fún àwọn tí ìtọ́jú ara bá gbé lọ sí Chennai, tí wọ́n sì fẹ́ débẹ̀: bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin ń lọ sí Tirupati lójoojúmọ́. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání. Aṣọ tí ó bo ara dáadáa ni kí ẹ wọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí fóònù wọ inú tẹ́ńpìlì. Ẹ má ṣe lọ ní ìparí ọ̀sẹ̀, tàbí ní àkókò Brahmotsavam, ọdún ńlá wọn tí ó máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá, àfi bí ẹ bá lè fara da èrò. Ọjọ́ mímọ́ wọn tí ń jẹ́ Vaikuntha Ekadashi ni ó sì gba ìṣọ́ra jù lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ènìyàn mẹ́fà ni ó kú ní Tirupati nígbà tí àwọn èrò ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà. Ẹni tí kò bá lè fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́ lè gun àtẹ̀gùn, ó lè rìn yí tẹ́ńpìlì ká, ó sì lè jẹun nínú gbọ̀ngàn. Kí ó ṣáà tètè sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń lọ, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò ti pàdé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jáde.